Ìgbì tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán níbí ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Ó ní òun ti ríṣẹ́ sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi lòun ó máa wà láti Ìkòròdú lọ sí Èbúté Èrò. Ó ní wọn ò ní pẹ́ kọ́ òun, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó, torí òun ti mọ mọ́tò wà tẹ́lẹ̀.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló jẹ́ kí n gbé sípánà sílẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ lọ́dún 2016. Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un títí ilẹ̀ fi ṣú ni mò ń kọ yìí, nítorí òun nìkan kọ́ ni ọmọ Òṣogbo tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ.

Kọ̀rọ́pè ni mò ń wà nígbà náà, láti Old Garage sí Ọláìyá sí Òkè-Fìà, ọdún mẹ́fà gbáko. Mọ́tò náà, tèmi ni, mo ti san gbèsè orí rẹ̀ tán. Ẹnìkan tí a jọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló sọ fún mi pé owó tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń mú lọ sílé l'Ékòó tó ìlọ́po méjì èyí tí mò ń rí. Mo fi mọ́tò sọ́wọ́ ọmọkùnrin kan pé kó máa jíṣẹ́ fún mi, mo sì kọrí sí Ìkòròdú. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń jí ẹ́ńjìnì, bí a ṣe ń sún mọ́ èbúté láì fi imú ọkọ̀ gbá a, bí a ṣe ń pín èrò sápá ọ̀tún àti sápá òsì kí ọkọ̀ má baà fì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ṣe ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí yékéyéké, torí òun ni ẹni tó ti mọ mọ́tò wà kì í fura sí. Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Bí o bá mú ọwọ́ kúrò lórí iná, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń mú kí ẹ́ńjìnì sáré, ọkọ̀ á ṣì máa lọ; omi ló máa dá a dúró, ìgbà tó bá sì wu omi ni. Bí o bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, kí o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, o ti rin ohun tó lé ní 40 mítà. Bí o bá sì yí sítíárì mọ́tò, imú mọ́tò ló ń yà. Ti ọkọ̀ ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀: ìdí rẹ̀ ló ń gbá síta bí ìrù ọ̀nì. Tí ènìyàn bá wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí o wá yí imú ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pé o fẹ́ yà fún un, ìdí ọkọ̀ lo ń gbé lọ bá a yẹn, ibẹ̀ sì ni abẹ̀bẹ̀ onírin tó ń yí wà. Ọjọ́ tí mo mọ èyí, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, fáíbà ni, èrò méjìdínlógún ló ń gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì rẹ̀, okùn pupa kékeré kan wà tó lọ́ bíi sípíríìnì. Wọ́n ń fi orí rẹ̀ kan há abẹ́ bọ́tìnnì kan, awakọ̀ á so orí kejì mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí mọ́ itan. Tí awakọ̀ bá ṣubú, okùn á já kúrò, ẹ́ńjìnì á sì kú lójú ẹsẹ̀. Nínú ọkọ̀ tèmi, wọ́n ti fi rọ́bà de okùn náà mọ́ bọ́tìnnì pátápátá kó má baà máa pa ẹ́ńjìnì sí awakọ̀ lọ́wọ́. Bí mo ṣe bá a nìyẹn, bí mo sì ṣe lò ó nìyẹn.

Ó pẹ́ kí n tó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Padstow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Ìdílé kan, ẹni mẹ́fà, ṣubú sínú omi látinú ọkọ̀ eré wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn yẹn kò sí lára ẹnikẹ́ni. Ẹ́ńjìnì kò kú. Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí po lójú kan, ó ń padà wá lu àwọn tó wà nínú omi. Bàbá kú, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ náà kú. Ní Amẹ́ríkà, láti April ọdún 2021 ni òfin ti sọ pé kí awakọ̀ àwọn ọkọ̀ kéékèèké máa so okùn yìí mọ́ra bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Ìgbà tí mo kà á, mo jókòó pẹ́. Mo ń ronú gbogbo ọjọ́ tí mo fi dìde dúró nínú ọkọ̀ lórí ìgbì, tí ọwọ́ mi kan wà lórí sítíárì, tí èkejì di fóònù mú.

Ti láífù jákẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Wọ́n wà lábẹ́ ìjókòó. Wọ́n tutù, wọ́n sì ń rùn, bọ́kùlù òmíràn ti já. Àwọn obìnrin á ní á ba gèlè àwọn jẹ́, àwọn ọkùnrin á gbé e lé itan bí ẹni gbé àpò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo kàn ń wò ó pé tí mo bá ń bá wọn jiyàn, ọkọ̀ kejì á kún ṣáájú mi. Báyìí, ohun tí mo mọ̀ ni pé jákẹ́ẹ̀tì tó ń rùn kì í ṣe ẹ̀bi èrò. Ẹni tó wa ọkọ̀ ló yẹ kó sá a lóòrùn, kó fọ̀ ọ́, kó sì tún bọ́kùlù rẹ̀ ṣe. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ka òkú orí omi lọ́dọọdún, nínú ẹni mẹ́wàá tó bá rì sómi, ó kéré tán mẹ́jọ ni kì í wọ jákẹ́ẹ̀tì. Àwa kì í ka tiwa tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti wà létí èbúté nígbà tí wọ́n ń gbé òkú jáde, mi ò rí jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn èyíkéyìí nínú wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní January ọdún 2018. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àkókò yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tú jáde ní Erékùṣù, tí Èbúté Èrò máa ń kún fọ́fọ́, ọkọ̀ tó bá sì kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ kó wọn. Ìkòròdú ni mo wà, èrò mẹ́fà péré ló wà nínú ọkọ̀ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá lè tètè dé, mo ṣì máa rí tọọ̀nù méjì wà, ìyẹn ìrìn méjì, kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fún un níná tán pátápátá.

Ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, tí o bá fún un níná, imú rẹ̀ á gbé sókè. Fún ìgbà díẹ̀, ojú ọ̀run nìkan lò ń wò. Ọyẹ́ ti bo ojú sánmà lọ́jọ́ náà, ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí ni mo sì kọjú sí, ojú ọ̀sà ń dán bíi páànù tuntun. Mo rí ọkọ̀ apẹja kan, mo yà fún un. Mi ò rí èkejì títí ó fi ku bíi 50 mítà sí mi. Ó rẹlẹ̀ gan-an. Etí rẹ̀ kò fi ìbú ọwọ́ kan ga ju omi lọ, torí àwọ̀n tútù àti ẹja ti wà nínú rẹ̀. Bàbá kan àti ọmọkùnrin kan ń fa ìyókù àwọ̀n wọlé.

Mo ṣe ohun tí mo rò pé awakọ̀ tó ní ìwà ń ṣe. Mo dín iná kù sí ààbọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, mo sì juwọ́ sí bàbá náà. Ó juwọ́ padà. Mi ò gbá wọn, mi ò tilẹ̀ kàn wọ́n. Bí mo ṣe kọjá wọn tán, mo tún fún un níná.

Ìyá àgbàlagbà kan jókòó nídìí ọkọ̀. Òun ló pariwo. "Kápútẹ́ẹ̀nì! Kápútẹ́ẹ̀nì, ẹ dúró! Ọkọ̀ yẹn ti dojú dé!"

Mo wẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀yìn láti ìgbà tí mo ti kúrò ní èbúté nìyẹn.

Bàbá di ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tó ti dojú dé mú. Ọmọ náà wà lọ́tọ̀, bíi mítà mẹ́wàá sí bàbá rẹ̀, ó ń wẹ̀ lọ síbi tí àwọ̀n wọn ti ń léfòó. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, ọmọ orí omi ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí ewu tó wu ọmọ náà lákòókò yẹn. Ewu tó bá a, èmi tí mò ń bọ̀ wá gbà á là ni mo gbé e bọ̀.

Eré ni mo sá padà. Ọkàn mi ń lù kìkì, ẹnu mi gbẹ, mò ń pariwo "Mò ń bọ̀! Mò ń bọ̀!" bí ẹni pé ìyẹn ni iṣẹ́. Nígbà tí mo súnmọ́ wọn, mo gbé e sí fíríì, ọkọ̀ kò dúró. Ìgbì tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ lé mi bá láti ẹ̀yìn, ó tún tì mí síwájú. Mo rí i pé imú ọkọ̀ fẹ́ gun orí ọmọ náà. Mo yí sítíárì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì fún ọkọ̀ níná kó lè tètè yà. Ìdí ọkọ̀ gbá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèpo àgbọn bá kọ́ ọ lábẹ́ omi, lẹ́yìn náà ló tún ń lọ.

Ẹsẹ̀ òsì ni, láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Mi ò ní sọ bó ṣe rí. Ìyá rẹ̀ lè ka èyí.

A fà á wọ inú ọkọ̀. Ìyá tó pariwo yẹn, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó fi di itan ọmọ náà lókè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú. Ó ta kókó kan, ó mú ṣíbí onírin nínú báàgì oúnjẹ rẹ̀, ó gbé e lé orí kókó náà, ó ta òmíràn lé e, ó wá ń fi ṣíbí yẹn lọ́ gèlè ní ẹ̀ẹ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀mejì, títí ẹ̀jẹ̀ fi rọlẹ̀. Ó ní, "Aago mélòó ló lù? Ẹ rántí rẹ̀ o, dókítà máa bèèrè." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Bàbá ọmọ náà jókòó sínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó gbé orí ọmọ lé itan. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì di rọ́bà kan lára àwọ̀n rẹ̀ mú, kò mọ̀ pé òun dì í mú. Kò bú mi. Mo ń retí pé kó bú mi.

Nísinsìnyí, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣòro fún mi jù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ dé èbúté, tí wọ́n bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀, mo purọ́. Mo ní ọkọ̀ apẹja náà ló dí ọ̀nà. Mo ní wọn ò tan iná, nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú sánmà. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó kọ́ mi. Ìyá yẹn wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀, orí rẹ̀ sì wà láìwé gèlè. Ó ní, "Ọmọ mi, má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn wà lójú kan, ìwọ lò ń lọ." Ọ̀rọ̀ mi gbẹ. Mo tún un sọ bó ṣe rí.

Wọ́n bèèrè ìwé àṣẹ tí mo fi ń wakọ̀. Kò sí. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kó wà. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú ọ̀nà omi, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ti wà láti ọdún 1997, LASWA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti wà láti ọdún 2008, èmi sì ti ń wa ọkọ̀ èrò fún ohun tó lé ní ọdún kan láì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ní òun kò rán mi ní eré sísá. Òótọ́ ló sọ. Ó ń béèrè iye tọọ̀nù tí mo wà lójoojúmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò sí lórí iná lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tèmi ló wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ọmọ náà lò ní ọsibítù. Wọn ò gé ẹsẹ̀ náà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gùn tó èkejì mọ́. Mo ta kọ̀rọ́pè mi ní Òṣogbo láti san nínú owó náà. Kò tó, ìyá mi fi owó àjọ rẹ̀ kún un.

Ìgbà tí mo wá sílé láti wá ta mọ́tò yẹn, mi ò lè sùn. Ìyá mi ní kí n jáde, kí n lọ fẹsẹ̀ rìn. Mo rìn títí mo fi dé etí Ọ̀ṣun. Gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ ìtàn bí ìlú wa ṣe bẹ̀rẹ̀: Tìmẹ́hìn àti Ọba Láróòyè pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn ń ṣán igbó létí odò, wọ́n gé igi ńlá kan, igi náà wó sínú omi, ni ohùn kan bá ké láti ìsàlẹ̀ pé ẹ̀yin oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo kà á sí ìtàn àwọn bàbá ńlá wa lásán. Ọjọ́ yẹn ló tó yé mi. Àwọn tó gé igi yẹn kò ní ìkà nínú. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Wọn ò rí ẹni tó wà nínú omi ni.

Èmi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti àgbàlagbà kan láti àdúgbò wa la jọ lọ bẹ bàbá ọmọ náà nílé rẹ̀ létí ọ̀sà. A dọ̀bálẹ̀. Ó ní ká dìde. Ó fún wa lómi mu. Nígbà tí àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ tán, ó kọjú sí mi, ó ní, "Mo rí i pé ojú rẹ wà níwájú. Ta ló ń bá ẹ wo ẹ̀yìn?" Mi ò ní èsì. Ó ní kì í ṣe èmi nìkan; ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbì ọkọ̀ eré ti da ọkọ̀ òun nù, àwọn awakọ̀ méjì tó kù kò mọ̀ títí dòní pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo padà, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wá ẹni tó máa kọ́ mi. Bàbá atukọ̀ kan tí orí rẹ̀ ti funfun, tó ti wa ọkọ̀ ńlá rí, gbà mí. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan lé ojú omi, ó dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkúta, ó ní kí n máa wa ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí òun sì dúró sí èbúté máa wò. Mo kọ́kọ́ sáré gan-an, kẹ́ẹ̀gì fò díẹ̀. Mo rọra rìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kẹ́ẹ̀gì kò mira. Ó ní kí n wá lọ ní ààbọ̀ iná, bí mo ṣe lọ lọ́jọ́ yẹn. Kẹ́ẹ̀gì náà dojú dé, okùn rẹ̀ já.

Ẹ tún ìyẹn kà. Èmi tí mo dín iná kù láti bọ̀wọ̀ fún bàbá apẹja, ìgbì tó burú jù lọ ni mo fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà láàrin eré àti ìrìn jẹ́jẹ́, ìdí rẹ̀ á rì wọ omi, imú rẹ̀ á gbé, á máa tu omi bí ẹni tó ń fi ọkọ́ kọ ebè. Ìgbì tó ga jù níí dá sílẹ̀. Nítorí náà, bí o bá máa dín eré kù fún ọkọ̀ kékeré, láti òkèèrè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o dín in kù títí ọkọ̀ fi jókòó pẹlẹbẹ lójú omi, kí o rọra kọjá, má sì tún fún un níná títí ìgbì rẹ ò fi ní lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Bí àyè bá wà, jìnnà sí wọn. Mo ti sọ èyí fún àwọn awakọ̀ tó ti lo ogún ọdún lórí omi, ó sì ya díẹ̀ nínú wọn lẹ́nu.

Bàbá náà kọ́ mi ní bí a ṣe ń padà fún ẹni tó ṣubú sómi. Má sáré. Yí po láti ọ̀nà jíjìn, kí o kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ọkọ̀ gun orí ẹni náà. Jẹ́ kí ẹni náà wà lápá ibi tí ìwọ awakọ̀ jókòó sí, kí ojú rẹ má kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá ku díẹ̀, pa ẹ́ńjìnì. Fíríì kò tó. Ọwọ́ lè ṣèèṣì kan jíà. Pa á, kí o yọ kọ́kọ́rọ́, kí o na àjẹ̀ tàbí okùn sí i. Bí ọmọ náà bá ti rí awakọ̀ tó mọ ìyẹn nìkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ì bá gùn bára wọn.

Òfin ojú ọ̀nà omi tún wà, òfin tí gbogbo ayé fọwọ́ sí lọ́dún 1972. Bí ọkọ̀ méjì bá kojú ara wọn, kí oníkálukú yà sọ́wọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ míì bá ń dá ọ̀nà rẹ kọjá láti apá ọ̀tún rẹ, ìwọ ni kí o yà fún un, kí o gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń yọ ẹlòmíràn sílẹ̀ ló máa yàgò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná pupa máa ń wà lápá òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun lẹ́yìn, ìwọ ò sì gbọdọ̀ fi ìgbà kankan wà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ iwájú. Fún ọkọ̀ èrò wa, ṣíṣú ilẹ̀ yẹn gan-an ni kó má bá ọ lójú omi, NIWA ti fòfin de ìrìnàjò òru.

Àwọn ará ilé máa ń sọ pé kí ló kan ará Òṣogbo nínú ọ̀rọ̀ ọ̀sà. Ní June ọdún 2023, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó wọ ọkọ̀ lóru lórí omi ní agbègbè Pàtígi, ní Kwara tí a jọ pààlà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù April ọdún 2024, Junior Pope, òṣèré tí gbogbo wa mọ̀, kú pẹ̀lú àwọn mìíràn lójú omi ní ìpínlẹ̀ Anambra. NIWA sọ pé ọkọ̀ apẹja ni ọkọ̀ eré tí wọ́n wọ̀ lọ kọlù. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ "ọkọ̀ apẹja" yẹn nínú ìròyìn, mo pa rédíò. Mo ń rántí páànù tuntun yẹn tó ń dán níwájú mi.

Mo tún wakọ̀ fún ọdún méjì lẹ́yìn náà. Mo so okùn pupa mọ́ ọwọ́ lójoojúmọ́. Mo máa ń sá jákẹ́ẹ̀tì sórí òrùlé ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí èrò kan kò bá sì wọ ọ́, ọkọ̀ kò ní ṣí. Ọ̀pọ̀ bínú, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Mi ò mu pàrágà mọ́ ní èbúté, kódà nígbà ọyẹ́. Owó tí mò ń rí dín kù púpọ̀, ìdí tí mo sì fi padà sílé nìyẹn nígbẹ̀yìn: ọ̀gá tuntun tí mò ń wakọ̀ fún nígbà náà fẹ́ tọọ̀nù mẹ́jọ lójúmọ́, mi ò lè wa ju márùn-ún lọ bí mo bá máa wà á bó ṣe yẹ.

Àbúrò mi fetí sílẹ̀ títí. Ó bi mí bóyá òun má lọ mọ́ ni. Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ, kó wá àgbà atukọ̀ tó máa gbé kẹ́ẹ̀gì lé omi fún un, ọ̀gá tó bá sì ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó, kó fi í sílẹ̀. Okùn pupa tí mo lò ṣì wà lára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù, mo yọ ọ́ fún un.

Lẹ́yìn tó lọ, mo pe bàbá apẹja. Mo máa ń pè é lóṣooṣù. Ọmọ náà ló gbé e, ohùn rẹ̀ ti di ti ọkùnrin. Ó ní bàbá òun wà létí omi, òun náà ń lọ bá a, òun ti ra ọkọ̀ tòun. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Mo bi í pé ṣé ó ní jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Pupa ni mo rà, kí ẹ lè rí mi."